Ìbọn Stevens àtijọ́ tó ti gbó: ṣé ó ṣì ṣeé yin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jogún ìbọn .22 kan lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi tó di olóògbé. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀pá rẹ̀ pé J. STEVENS A. & T. CO., CHICOPEE FALLS, MASS., PAT. APR. 17 94, àti 22 LONG RIFLE. Irin ara rẹ̀ ti pọ́n, igi ìdí rẹ̀ ti sán, inú ihò rẹ̀ sì dúdú bí inú ààrò. Bí mo bá di lífà abẹ́ rẹ̀ padà, ó ń mì díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n há ìpẹtà yẹn dànù kí n sì pa á láró tuntun, pé yóò níye lórí sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ó sì ṣeé yin? Mo ní páálí kátíríìjì oníyára kan nílé.

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra àbúrò bàbá yín. Kí n tó sọ ohun mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má há nǹkan kan dànù lára ìbọn yẹn, ẹ má sì tíì fi ọta sí i. Irin tó pọ́n àti ihò tó dúdú tó ń dùn yín lọ́kàn kọ́ ló ń ba èmi lẹ́rù. Mímì díẹ̀ tí ẹ kàn mẹ́nu bà lóréfèé yẹn ni. Òun la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló máa sọ bóyá ẹ ó yin ìbọn yìí tàbí ẹ ó kàn máa tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Stevens bẹ̀rẹ̀ ní 1864, J. Stevens & Co. ni orúkọ rẹ̀. Ní 1886 ó di J. Stevens Arms & Tool Company, òun ni “A. & T. CO.” tí ẹ rí yẹn. Ní 1916 wọ́n yọ “Tool” kúrò nínú orúkọ náà, nígbà tó sì di 1920, ilé iṣẹ́ ìbọn Savage rà wọ́n. Ìwé àṣẹ ohun tuntun tí wọ́n tọ́ka sí lára ọ̀pá náà jẹ́ ti ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1894. Nítorí náà, láàárín 1894 sí 1916 ni wọ́n ṣe ìbọn yín. Tí ẹ bá rí súkúrù kan lábẹ́ rẹ̀, níwájú lífà, tó jẹ́ pé tí ẹ bá tú u, gbogbo ọ̀pá ìbọn náà á yọ kúrò lára ìyókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé èyí tí wọ́n ń pè ní Favorite ni. Ìbọn kékeré tó fúyẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fi kọ́ ìbọn yínyìn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọ̀kan. Stevens yìí kan náà ló sì gbé kátíríìjì .22 Long Rifle (idẹ kékeré tó kó ẹ̀tù àti ọta sínú) jáde ní 1887, tó fi jẹ́ pé ìbọn yín àti oúnjẹ rẹ̀ ti ilé kan náà wá.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn sì jẹ́ ìbọn bí ìbọn yòókù. Tiyín lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà ẹ kà á sí ìbọn lásán. Ibi yòówù kí ẹ máa gbé, ẹ lọ mọ ohun tí òfin ibẹ̀ sọ nípa ìbọn tí èèyàn jogún kí ẹ tó gbé e jáde nílé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mímì. Ẹ̀yìn ihò tí ọta ń gbà jáde ní irin kékeré kan tó ń dí i, mo máa pè é ní ìdérí ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ti lífà sísàlẹ̀, ìdérí yìí á wálẹ̀, á sì fì sẹ́yìn, ihò á ṣí sílẹ̀ fún kátíríìjì. Tí ẹ bá fa lífà padà sókè, ìdérí á gòkè, á sì fi àyà ti ẹ̀yìn kátíríìjì. Súkúrù kan tó gba àárín irin ara ìbọn kọjá ló gbé ìdérí dúró, súkúrù mìíràn gbé lífà, irin kékeré kan sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Gbogbo agbára tó bá ta padà sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá dún, orí súkúrù méjì wọ̀nyí ló ń bọ́ sí. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti ń lu ara wọn, súkúrù á ti jẹ, ihò tó rí roboto tẹ́lẹ̀ á sì ti fẹjú bí ẹyin adìyẹ. Ibẹ̀ ni mímì yẹn ti ń wá.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ìbọn kékeré? Nítorí irú kátíríìjì tó ń jẹ ni. Ẹ̀tù ìṣáná .22 kò sí ní àárín ìdí bíi ti kátíríìjì ńlá. Inú etí rẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti ká idẹ náà po. Abẹ́rẹ́ ìbọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí òòlù ẹ̀yìn ń lù nígbà tí ẹ bá fa tírígà, gbọ́dọ̀ lè fún etí yẹn mọ́ irin kí iná tó ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí idẹ rẹ̀ fi tín-ín-rín tó sì rọ̀. Etí yẹn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ ní nínípọn. Agbára tó wà nínú kátíríìjì yẹn sì lè tó 24,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó. Idẹ tó tín-ín-rín báyẹn kò lè dá agbára bẹ́ẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, ìdérí ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn gbágbáágbá. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, idẹ á wú, á ya, afẹ́fẹ́ gbígbóná àti ẹ̀rún idẹ á sì padà sẹ́yìn, níbi tí ojú ẹni tó ń yin ín wà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín nílé. Ẹ ṣí i, ẹ fojú wo inú ihò níbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un já láti ẹnu dé ẹ̀yìn, kí ó dá yín lójú pé kò sí kátíríìjì níbẹ̀. Ẹ dì í padà, ẹ fa òòlù ẹ̀yìn dé òpin, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò ti orí ìdérí síwájú àti sẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ẹ di òòlù mú kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já lu òfìfo, mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ wá fa lífà sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́: ó yẹ kó kọ̀ fún yín díẹ̀ kó tó gbà. Bí ó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ìbọn náà sókè, ó ti gbó kọjá ààlà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá kòròfo .22 kan tí wọ́n ti yìn, kí ẹ fi sínú ihò, kí ẹ sì di ìbọn. Ẹ gé pépà tí a fi ń kọ̀wé lásán tín-ín-rín, kí ẹ gbìyànjú láti kì í bọ àárín ìdí kòròfo àti ìdérí. Bí pépà kan kò bá wọlé, tàbí tó fi agídí wọlé, ọkàn mi balẹ̀. Bí pépà méjì tàbí mẹ́ta bá wọlé pọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbọn náà kò gbọdọ̀ dún títí alágbẹ̀dẹ ìbọn á fi tún un ṣe. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: á lu ihò tó ti fẹjú náà kó lè padà rí roboto, á sì fi súkúrù tó nípọn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ sí i. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó kó súkúrù àtijọ́ fún yín, kí ẹ fi wọ́n sínú ìgò kékeré kan.

Ohun kan kù lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ fa òòlù dé òpin, ẹ mú ìka kúrò lára tírígà, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò ti òòlù láti ẹ̀yìn bíi pé ẹ fẹ́ kó ṣubú, ṣùgbọ́n kí ẹ wà ní ìmúrasílẹ̀ láti gbá a mú. Bí ó bá yọ̀, eyín tó ń gbé e dúró ti jẹ. Ìyẹn náà, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ni, ẹ má fi fáìlì kàn án.

Ní ti kíkọ̀ tí mo kọ̀ pé kí òòlù má lu òfìfo: nínú .22, tí kò bá sí kátíríìjì níbẹ̀, etí ihò ni abẹ́rẹ́ máa ń lọ gún. Lójoojúmọ́ tí ọmọdé bá ń fi ṣeré báyẹn, abẹ́rẹ́ á gbẹ́ kòtò kékeré kan sí etí ihò, irin tó bá sì fún síta á wú sínú ihò. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tí abẹ́rẹ́ ń kàn. Bí kátíríìjì bá ń há kó tó wọlé tán, ohun tó fà á nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ní irin kan tó fi ń tẹ irin tó wú náà padà sí àyè rẹ̀, kò ní gé ohunkóhun kúrò.

Mo wá dé ibi tó wù mí jù nínú ìbéèrè yín, ìyẹn inú ihò tó dúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yínyìn ló jẹ inú ìbọn àtijọ́ báyẹn. Òjé rírọ̀ ni ọta .22, kò lè jẹ irin bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Ní ayé ìgbà tí wọ́n ṣe ìbọn yín, ẹ̀tù ìṣáná inú kátíríìjì ní potassium chlorate nínú. Tó bá jóná tán, ó máa ń fi potassium chloride sílẹ̀ nínú ọ̀pá, ọmọ ìyá iyọ̀ ọbẹ̀ ni, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bíi ti iyọ̀. Nígbà tí ẹ̀tù dúdú ṣì wà lóde, èérí rẹ̀ pọ̀ gan-an, iyọ̀ á tú ká sínú rẹ̀, ẹni tó ni ìbọn á sì rí i kedere pé ó dọ̀tí, á fi omi fọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ̀tù aláìléèéfín dé, ọ̀pá ìbọn dà bíi pé ó mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yin ín. Onílé á fi òróró nù ún lẹ́ẹ̀kan, á gbé e ti ògiri, á sì lọ sùn. Òróró kì í sì í yọ́ iyọ̀. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, ìpẹtà ti mú un lábẹ́ òróró. Ó di 1926 kí Remington tó gbé Kleanbore jáde, kátíríìjì tí ìṣáná rẹ̀ kì í jẹ irin, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìbọn yín ti wà láyé fún ó kéré tán ọdún mẹ́wàá kí ìyẹn tó dé. Nítorí náà, kì í ṣe àìbìkítà àbúrò bàbá yín ló ba inú rẹ̀ jẹ́. Ó ti lè rí báyẹn kí wọ́n tó bí i.

Ihò tó dúdú kì í sábà jẹ́ òkú. Apá kan dúdú yẹn lè jẹ́ òjé àti èérí lásán. Ẹ tú súkúrù abẹ́ yẹn, ẹ yọ ọ̀pá kúrò, kí ẹ sì máa ti ẹ̀yìn fọ̀ ọ́ lọ sí iwájú. Mo rí i nínú ọ̀pọ̀ ìbọn kékeré pé ẹnu wọn ti fẹjú nítorí pé iwájú ni wọ́n ti ń ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ láti ìgbà ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná gba inú rẹ̀, torí iyọ̀ tó bá kù, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ wá fi òróró ìfọ-ìbọn sínú rẹ̀, kí ó sùn ibẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ gún un lọ gún un bọ̀, kí ẹ wá fi àkísà funfun kékeré tẹ̀ lé e. Àkísà àkọ́kọ́ á jáde dúdú bí èédú. Ìkẹta tàbí ìkẹrin á máa gbé ẹ̀rún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi ìpẹ́ ẹja jáde, òjé nìyẹn. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ẹ̀rún yẹn á fi tán, ó lè gbà yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà náà ni kí ẹ gbé e kojú fèrèsé kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn ilà tó ń lọ́ bí okùn láti ẹ̀yìn dé iwájú, àwọn tó ń yí ọta kó lè lọ tààrà, kódà kí irin tó wà láàárín wọn ní ihò kéékèèké bí èèpo òroǹbó, ìbọn náà ṣì lè na ibi tí ẹ bá fojú sí.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ rí ni òrùka dúdú kan tó yí inú ọ̀pá po bí òjìji. Ibi tí ọta kan ti há rí nìyẹn, tí ẹnì kan sì yin òmíràn tẹ̀ lé e, tí irin fi wú. Bí ojú kò bá rí i, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n: ẹ ti àkísà tó fún dáadáa gba inú rẹ̀, níbi tó bá ti tú yọ̀ọ̀ lójijì kó tó tún fún, ibẹ̀ ló wà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ilà tán, ọ̀nà ṣì wà. Alágbẹ̀dẹ ìbọn lè lu inú ọ̀pá náà kó fẹ̀, kó sì ki ọ̀pá tuntun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ilà sínú rẹ̀. Ara ìta àti gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ á wà bó ṣe wà. Mo fara mọ́ iṣẹ́ yìí ju kí a pààrọ̀ ọ̀pá lọ.

Ní ti páálí kátíríìjì oníyára yẹn, ẹ fún ẹni tó ní ìbọn tuntun. Kátíríìjì .22 Long Rifle tí wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ìbọn yín, ọta òjé 40 grain lórí ẹ̀tù dúdú 5 grain ni (grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù). Kátíríìjì oníyára kò dé títí di 1930. Èyí tí wọ́n ń pè ní standard velocity, tí ọta rẹ̀ ń sáré nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,070 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni kí ẹ máa lò, tàbí èyí tó tún lọ́ra jù ú lọ. Oníyára á tó 1,250, irin ara Favorite kò sì jẹ́ nǹkan kan láti fi dán an wò. .22 Short náà á wọ inú rẹ̀, kò sì léwu, àmọ́ tí ẹ bá ń lò ó léraléra, á fi òrùka èérí sílẹ̀ níwájú ibi tí idẹ rẹ̀ parí sí, Long Rifle á sì máa há níbẹ̀ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá ẹni tó ní kí ẹ há a kí ẹ sì pa á láró lóhùn. Rárá o. Ẹnì kan gbé Favorite kan wá bá mi rí, ó ti fi ẹ̀rọ ìdán tó ń yí lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán bí dígí. Etí irin tó mú ṣánṣán ti di roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá, “CHICOP” ló kù. Inú rẹ̀ dùn, ó ń retí kí n yìn ín, ó sì dùn mí gan-an pé mo ní láti sọ fún un pé ohun tó gé dànù yẹn kò sí ẹni tó lè dá a padà. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ máa ń san owó tó pọ̀ fún èyí tó gbó fúnra rẹ̀ ju èyí tí wọ́n tún pa láró lọ.

Ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ tú igi ìdí rẹ̀, kí ẹ wo irin tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èédú egungun àti èédú igi ni wọ́n fi ń sun irin ara Favorite kó lè le lójú, ó sì máa ń mú àwọ̀ aláró, pupa rẹ́súrẹ́sú àti eérú tó ń yí mọ́ra bí epo tó dà sójú omi. Níta, òógùn ọwọ́ àti oòrùn á ti jẹ ẹ́ di eérú. Lábẹ́ igi, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà bó ṣe jáde nílé iṣẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi ọtí kíkan tàbí aró inú ìgò kankan kàn án, wọ́n á jẹ ẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó tú súkúrù kankan, ẹ wá ìtúsúkúrù tí ẹnu rẹ̀ kún ojú súkúrù náà pátápátá, kí ẹ sì kán òróró sí i fún ọjọ́ méjì. Ojú súkúrù tó ti bó ni àpá tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ti dé ibẹ̀.

Ní ti ìpẹtà: ẹ fi ìka nù ún. Èyí tó bá bá ìka yín lọ bí osùn ṣì ń jẹ irin, òun nìkan la máa bá jà. Èyí tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ tó sì dán, ẹ fi sílẹ̀, ó ti di ẹ̀wù ìbọn náà. Ẹ kán òróró fẹ́lẹ́ sórí èyí tó pupa, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá fi idẹ rírọ̀ há a díẹ̀díẹ̀, tàbí kànìnkànìn irin tó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, tí òróró sì pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà sún mọ́ ọn. Igi tó sán yẹn, bí kò bá tíì là já, ẹ ki gọ́ọ̀mù igi sí i, ẹ fi okùn dì í mọ́jú, kí ẹ sì fi òróró linseed díẹ̀ pa á. Ó tó.

Lọ́jọ́ tí alágbẹ̀dẹ ìbọn bá ní ó ti yá, ẹ wọ awò ojú, ẹ dì ọ̀pá náà mọ́ tábìlì tó dúró dáadáa, kí ẹ sì fi okùn gígùn fa tírígà fún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ mú kòròfo kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fẹ́ fọn fèrè, tàbí tí ilà dúdú èéfín bá wà létí rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ gbé e padà fún un. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mọ́, ẹ jókòó, kí ẹ yin márùn-ún sí pépà ní mítà 25. Ihò inú pépà gbọ́dọ̀ rí roboto. Tí òmíràn bá gùn bí ihò tí wọ́n ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ọta náà ń ta kìtì nínú afẹ́fẹ́, ilà inú ọ̀pá kò dì í mú mọ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun tí mo sọ yẹn ló kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí roboto, tí wọ́n sì wà láàárín ibi tí àtẹ́lẹwọ́ yín lè bò, ẹ fi òróró nù ún, kí ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ tí a tì pa, kì í ṣe inú àpò awọ, nítorí awọ máa ń mu omi, ó sì máa ń gbé omi náà fún irin.